Ọwọ́ Kàn Án, Ẹnu Ti Kọjá

Ọdún tún yípo, ó sì bá wa níbi tó fi wá sí. Ọdún mẹ́rin rèé tí o dìde kúrò láàárín wa, ìwọ Ìyá Ìbéèrè, aya rere, ìyá ọmọ méjì, ẹ̀gbọ́n tí àbúrò rẹ fi ń yangàn. Àwọn èèyàn máa ń kọ ọ́ sínú irú ìwé báyìí pé ó dà bí àná. Irọ́ ni. Kò dà bí àná rárá. Ó dà bí ọdún mẹ́rin, a sì mọ gbogbo rẹ̀ lára.

Àwa ará ilé rẹ là ń bá ọ sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ ló yẹ kó kọ ìwé yìí, torí òun ni ọ̀rọ̀ ti ọdún yìí kàn jù, ṣùgbọ́n ó jókòó ti ìwé títí, kò rí nǹkan kọ. Ó ní "o" ni wọ́n máa ń pe òkú nínú ìwé ìrántí, òun ò sì pe ẹ̀gbọ́n òun ní "o" rí láti ìgbà tí òun ti dáyé, ikú ò ní kọ́ òun ní àrífín. Màmá ní kó gbé bírò sílẹ̀, kí ilé bá a sọ ọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa báyìí, ó ń wò wá bóyá a máa sọ ọ́ bó ṣe rí. A máa sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ká ti ìròyìn ilé bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí rẹ ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì ti ki débi pé bó bá pè wá láti ẹnu ọ̀nà, a máa ń rò pé àlejò ló dé. Àbíkẹ́yìn rẹ, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, tí òmíràn ò tíì hù nígbà tí o lọ, ti hu eyín pé, ó sì ń fi í gé ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Ìbéèrè rẹ ló jogún. Ọkọ rẹ ṣì ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe kiri ilé onílé. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gba ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ti ní oníbàárà tó ń dúró dè wọ́n. Ó ti parí yàrá ẹ̀yìn tí o fẹ́ máa kàwé sí. Ó kùn ún ní funfun bí o ṣe wí, ó gbé tábìlì sí i, ó gbé àga sí i, ó fi ìlẹ̀kùn sí i, ó sì ti ìlẹ̀kùn náà pa. Bí àbúrò rẹ ṣe gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ń bọ̀ wá sọ ọ́.

Màmá wà. Orúnkún ń dùn ún. Nígbà tí o lọ, obìnrin kan láti òpópónà kejì wá kí i, ó fẹ́ tù ú nínú, ó ní kó gba kámú, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Màmá ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Tèmi yìí, agbè gan-an ló fọ́." Obìnrin náà ò padà wá mọ́, a ò sì ránṣẹ́ pè é.

Ṣé o rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀? O ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù tipẹ́. O mọ abẹ́rẹ́ gún, o mọ egbò wẹ̀, o mọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn tó wúwo ju ara ẹni lọ padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń bí ọ nínú. O ní àwọn èèyàn á jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lórí ohun tí kò ju kí ẹnìkan yẹ̀ wọ́n wò, kó kọ oògùn fún wọn, kí wọ́n máa lọ sílé, dókítà ò sì pọ̀ tó. Bí o ṣe padà sí yunifásítì nìyẹn, láti lọ gba oyè kejì, irú èyí tó ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì lè yẹ aláìsàn wò fúnra rẹ̀, kó sọ ohun tó ń ṣe é, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ oògùn.

Bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ní, "Ṣé o wá fẹ́ di dókítà ni?"

O ní, "Rárá, Bàbá."

"Nọ́ọ̀sì náà ni ọ́ síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí wá ni ìyàtọ̀?"

O ní, "Ìyàtọ̀ ni pé èmi á jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ tán."

Látọjọ́ náà ló ti ń pè ọ́ ní Dókítà-Ó-Kù-Díẹ̀. Ẹ̀rín ló fi ń pè é nígbà yẹn. Ní báyìí, bó bá ti rí wa lórí àtẹ̀gùn, á kàn tẹ orí ba ni, á kọjá. Orúkọ yẹn ò ṣeé pè mọ́, torí ó kù díẹ̀ náà lóòótọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni o fi ń kọ́ṣẹ́ lára wa. Wàá ní ká tò sí pálọ̀, wàá na ọ̀kọ̀ọ̀kan wa sórí àga gígùn, wàá gbọ́ àyà, wàá lu ẹ̀yìn, wàá tẹ ikùn, wàá tan iná sí ọ̀fun. Ọkọ rẹ máa ń sùn lọ kí o tó lu ẹ̀yìn ẹ̀ tán. Ìbéèrè rẹ kì í tán: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló ń mú un le sí i, kí ló ń mú un rọlẹ̀, ṣé ibì kan ló wà ni àbí ó ń lọ káàkiri? Màmá ní, "Mo kàn ní orí ń fọ́ mi ni, o ti bi mí dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi." Òun ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè. Àlejò tó bá ṣèèṣì yà wá kí wa lọ́jọ́ náà, orí àga ló ń bá ara rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó na ìwọ sórí àga yẹn rí. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó ń rẹ̀ ọ́, o ní ìwé ni. Oúnjẹ díẹ̀, o ti yó, o ní àìráyè jókòó jẹun ni. Ikùn rẹ ń le, o ní ìjókòó pẹ́ títí ló fà á. Àbúrò rẹ, tí òun náà ń ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, bi ọ́ léèrè, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ń ṣe yín gan-an?" O rẹ́rìn-ín. O ní, "Kò sí nǹkan." Ìwọ tí o máa ń yọ ìdáhùn yẹn lẹ́nu gbogbo wa bí ẹni yọ eegun ẹja.

Ó ti tó ká dé yàrá ìdánwò wàyí, torí ibẹ̀ ni ìbínú wa ń gbé.

O ti ròyìn yàrá náà fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bíi pé a ti wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tó tò lọ, aṣọ ìkélé láàárín wọn, iná funfun tí kò jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni dára. Méjì méjì ni wọ́n ń so akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Ọ̀kan á dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, èkejì á yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á pààrọ̀. Olùkọ́ á dúró ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aago. Ìyá Aago lẹ ń pè é. Nítorí àsìkò kéré, tí ibi tí wọ́n máa yẹ̀wò sì pọ̀, dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ ọ́ síta: ohun tó ń ṣe, àti ohun tó rí. Ohun tí Ìyá Aago ò bá gbọ́, kò ní máàkì.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ bíi yín ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ le koko, ó gbé ọkọ̀ wá láàárọ̀. Gbogbo yín ti mọ ohun tí ẹ máa "rí" kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ wá kọ́ ọ sórí bí orin. "Ikùn rọ̀. Kò sí wíwú. Kò sí kókó. Kò sí ibi tó ń dunni." O máa ń kọ ọ́ nídìí síǹkì tí o bá ń fọ àwo. Àbíkẹ́yìn rẹ mọ̀ ọ́n sórí. Á tẹ bèbí rẹ̀ sílẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ níkùn, á ní kò sí kókó. A fi rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ẹnìkejì rẹ ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o sọ ní Ọlọ́wọ́-Tútù, torí ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù bí irin àárọ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò, o dé pẹ̀lú ẹ̀rín. O ní, "Ọwọ́ ẹ̀ tún tutù lónìí, díẹ̀ ló kù kí n fò bọ́ọ́lẹ̀." Ẹ̀yin méjèèjì gba máàkì gíga. Ó fi "ikùn rọ̀" gba tiẹ̀ lára rẹ, ìwọ náà fi gba tìrẹ lára ẹ̀.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, bọ́tìnì aṣọ iṣẹ́ rẹ ò pa mọ́. Àbúrò rẹ ló fi tipátipá mú ọ lọ ya àwòrán inú. Dókítà kékeré kan bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. A ò ní kọ orúkọ nǹkan náà síhìn-ín, ohun tó gbà lọ́wọ́ wa ti tó o. Ó ní, "Ká ní a tètè mọ̀ ni..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Àwa la ń parí ẹ̀ látìgbà náà, gbogbo wa, olúkúlùkù bó ṣe mọ̀ ọ́n parí.

Ìdánwò ti tán nígbà yẹn. Ìwọ̀nba iṣẹ́ tí o gbọ́dọ̀ ṣe ní kíníìkì lábẹ́ ọ̀gá ló kù, kí wọ́n tó fún ọ ní ìwé àṣẹ. Orí bẹ́ẹ̀dì ni o ti ń béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ bóyá wọ́n máa bá ọ fi àyè rẹ pamọ́. Ó ní wọ́n máa fi pamọ́. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tó jọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ gboyè, wọ́n gbé àwòrán rẹ sí iwájú gbọ̀ngàn, wọ́n ní ká wá. Ìyá Aago sọ̀rọ̀. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ àtàtà ni ọ́, ó ní o fi ara rẹ ṣe ìwé kíkà fún àwọn yòókù. Ẹnìkan níbẹ̀ fi kún un pé ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àbúrò rẹ dìde láàárín èrò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n wo?" Kò mọ nǹkan kan nígbà yẹn o. Inú ló kàn ń bí i. Wọ́n kàn ní ká dìde dúró ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Nígbà tó pé ọdún kan tí o lọ, Ọlọ́wọ́-Tútù wá. Ó ti di nọ́ọ̀sì tó ń kọ oògùn, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun, ó gbé èso sínú ọ̀rá lọ́wọ́. A gbé omi fún un, kò mu ún. Ó jókòó sétí àga gígùn yẹn gan-an.

Ó ní, "Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ. Mi ò lè gbé e mì mọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò yẹn, ọwọ́ mi kan nǹkan níkùn ọ̀rẹ́ mi. Nísàlẹ̀, lápá òsì. Ó le díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti kọjá ibẹ̀, mo ti sọ pé kò sí kókó. Mo rò pé oúnjẹ ni. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń tàn mí. Aago ń lọ, mo bọ́ sí ẹsẹ̀."

Màmá ló sọ̀rọ̀. "O sọ fún un lẹ́yìn náà?"

"Rárá, Ma. Nígbà tí a jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Àbúrò rẹ dìde, ó ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Gbé èso ẹ." Ọlọ́wọ́-Tútù jáde, kò gbé e. Èso náà wà lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi rọ̀, tí Bàbá ìsàlẹ̀ fi bá wa dà á nù.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò rẹ ní òun náà ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn, fún oyè yẹn kan náà. Màmá fọwọ́ bo ẹnu. "Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti jẹ ọ̀kan mọ́ mi lọ́wọ́. Kí lo fẹ́ lọ wá níbẹ̀?"

Ó ní, "Màmá, bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo fẹ́ lọ wò."

Ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá funfun lápò, tó fi lé e lọ́wọ́. Ó wọ ibẹ̀ lọ, ó jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ṣe fún ọ, ó sì búra pé ẹnu òun ò ní ṣáájú ọwọ́ òun láéláé. A gbọ́ ọ láti pálọ̀. Lójú ẹ̀, ìbúra yẹn ló fi ń sin ọ́. Ohun yòówù tí ilé ẹ̀kọ́ lè kọ́ ọ, ẹ̀yìn ìbúra yẹn ló máa tò sí.

Ó kàwé. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń kàwé, ó gbẹ bí igi. Ó kọ́ nípa oògùn tó ń bá oògùn jà, ó kọ́ bí àìsàn kan ṣe máa ń gbé ẹ̀wù òmíràn wọ̀. Ní kíníìkì tó ti tètè ṣe iṣẹ́ abẹ́ ọ̀gá tiẹ̀ parí, ọ̀gá náà yìn ín. Ìdánwò ọwọ́ ló kù. Nígbà tí ọjọ́ pé lọ́dún yìí, yàrá kan náà ni, iná funfun kan náà, Ìyá Aago kan náà. Ẹni tó dùbúlẹ̀ fún un ni ọmọbìnrin kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣe orí, ó ṣe ọrùn, ó ṣe àyà. Nígbà tó dé ikùn, ó gbé ọwọ́ lé e, ó dákẹ́.

Ìyá Aago ní, "Sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan."

"Ọwọ́ mi ò tíì débẹ̀, Ma."

"Aago ń lọ."

"Kó máa lọ, Ma."

Ó wá gbogbo igun ikùn ọmọ ọlọ́mọ, ó wá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ikùn ọmọbìnrin náà dára, ebi ló tiẹ̀ ń pa á. Kí àbúrò rẹ tó dé ẹsẹ̀, àsìkò tán. Ó kùnà.

Ìyá Aago pè é sí ọ́fíìsì, ó pa ìlẹ̀kùn dé. Ó ní, "Mo mọ àbúrò ta ni ọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí o wọlé. Èmi kọ́ ni mo ṣètò ìdánwò yìí bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, yàrá kan ló wà. Tí mo bá ní kí gbogbo yín máa wá nǹkan lára ara yín lóòótọ́, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀."

"Kí ilẹ̀ ṣú, Ma."

Àárẹ̀ wà lójú Ìyá Aago, àbúrò rẹ gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ìyá Aago ní, "Ìdánwò kan ló kù fún ọ. Tí o bá tún kùnà, o máa kúrò níbí nìyẹn. Lọ sílé, lọ rò ó."

Ó wálé, ó sì tì wá mọ́ta. Ó jókòó sí yàrá funfun. Ṣé kó sọ orin yẹn, kó tẹ ìbúra mọ́lẹ̀? Àbí kó di ìbúra mú, kó sì kúrò, kí gbogbo wàhálà náà já sófo bíi tìrẹ? Màmá ní kó fi sílẹ̀, ọmọ tó wà láàyè tó òun. Ọkọ rẹ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́, ó ní, "Àbúrò mi, tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ nílé onílé, mo gbọ́dọ̀ wọlé kí n tó lè tún un ṣe. Tí onílé bá ní kí n bọ́ bàtà, mo máa bọ́ bàtà. Ọjọ́ tí mo bá dúró síta ń bá a jà lórí bàtà, ooru á pa àwọn ọmọ inú ilé." Ó lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀.

Nígbà tó padà lọ, ó bọ́ bàtà. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn ọmọbìnrin yẹn, ó sì la ẹnu. Ikùn rọ̀. Kò sí wíwú. Kò sí kókó. Kò sí ibi tó ń dunni. Ìyá Aago ń máàkì. Ó dé ẹsẹ̀, ó ṣe ẹsẹ̀, àsìkò tún ṣẹ́kù. Ó yege.

Ohun tó sọ fún wa nìyí, òun náà sì ní ká kọ ọ́: ó ní nígbà tí ẹnu òun ń sọ ọ́, ọwọ́ òun di odi. Òun ò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ikùn, ó lè jẹ́ pílò. Nígbà tí Ìyá Aago bọ́ sí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí ọmọbìnrin yẹn dìde fẹ́ wọ bàtà, ó dì í mú léjìká.

"Dùbúlẹ̀."

"Ìdánwò ti parí o, Àǹtí. Ẹ ti yege."

"Mo mọ̀. Dùbúlẹ̀."

Ó tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsọ̀rọ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbà pé lóòótọ́ ni kò sí nǹkan.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí kíníìkì tí Ọlọ́wọ́-Tútù ti ń ṣiṣẹ́. Ó dúró dè é títí aláìsàn fi tán. Ó ní, "Mo ti sọ ọ́."

Ọlọ́wọ́-Tútù ní, "Kí ni?"

"Orin yẹn. Mi ò sì gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ọwọ́ mi. Ìwọ gbọ́. Pẹ̀lú ariwo ẹnu ẹ, pẹ̀lú aago, ọwọ́ ẹ ṣì gbọ́. Ọwọ́ ẹ dára ju tèmi lọ. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú."

Ọlọ́wọ́-Tútù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àbúrò rẹ ò dì mọ́ ọn. Ó ní, "Mi ò wá dárí jì ọ́ o. Mo kàn wá sọ fún ọ pé mo ti mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀." Ó jókòó tì í títí ẹkún fi dá, ó sì wálé.

Kí a má parọ́ níwájú rẹ: a ò tíì dárí jì í tán. Ó wá lónìí. A gbé omi fún un, ó sì mu ún. Ibi tí a bá a dé nìyẹn.

Àbúrò rẹ ti gba ìwé àṣẹ. Kíníìkì kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Àwọn aláìsàn ń kùn pé ó ń pẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé èrò ń pọ̀ síta. Kì í sọ nǹkan kan tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wà lára ènìyàn. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan wá tìtorí ikọ́, ó sì rí nǹkan míì lára rẹ̀, níbi tí ìyá náà ò ronú kàn. Ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní ó ṣì kéré, wọ́n ní wọ́n máa rí i yọ. Inú wa dùn fún ìyá náà. Lẹ́yìn náà, a jókòó sí pálọ̀, ìlara rẹ̀ sì mú wa débi pé a ò lè jẹun.

Àárọ̀ Sátidé ti padà wá sílé yìí. Àbíkẹ́yìn rẹ ló dá a sílẹ̀. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dùbúlẹ̀." Láti ìgbà náà, ẹni tó ń yẹ èèyàn wò nílé yìí ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n ti fòfin de "kò sí nǹkan" níbí. Màmá pàápàá ti ń sọ ti orúnkún rẹ̀, ó ń sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá Ìbéèrè, tí o bá lè bi wá bí o ṣe ń bi wá, báyìí la ó ṣe dá ọ lóhùn. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ tí o lọ. Kí ló ń mú un le sí i? Yàrá funfun yẹn, àti ẹ̀rín ọmọ rẹ, tó jọ tìrẹ láìku síbì kan. Kí ló ń mú un rọlẹ̀? A ṣì ń wá a. Ṣé ibì kan ló wà, àbí ó ń lọ káàkiri? Kò sí yàrá tí kò dé nínú ilé yìí.

A gbé ọwọ́ lé ibi tí o ti fi wá sílẹ̀, a ò kánjú, a ò sì sọ̀rọ̀ títí ọwọ́ fi débẹ̀. Kò rọ̀. Ó ń dùn wá. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀, a ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí nǹkan.